Bí A Ṣe Ń Sá Súìtì Gọ́mì Tí A Ṣe Nílé Kí Ó Lè Gbẹ Dénú

Ẹni tó bá ti ṣe súìtì gọ́mì nílé rí yóò mọ̀ pé dídà á sínú móòdù kọ́ ni ìparí iṣẹ́. Súìtì náà lè dì dáadáa, ó lè jáde nínú móòdù láìya, àwọ̀ rẹ̀ sì lè máa dán, síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, àwọn tó wà nínú ike á ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ṣúgà tí a fi yí wọn lára á ti di omi, bí wọ́n bá sì tún pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n á bu. Omi tó ṣẹ́ kù sínú wọn ló ń fa gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iná tàbí oòrùn ni yóò bá àwọn lé omi náà jáde, ṣùgbọ́n súìtì tí a fi jẹ́látìnì, ìyẹn ìyẹ̀fun tó ń mú kí omi dì, ṣe kò lè fara da ooru. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń mú un gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí afẹ́fẹ́ tó lè mú un gbẹ dénú bí omi rẹ̀ bá ti pọ̀ jù láti orí iná wá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nípa sísá rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìkòkò.

Inú ìkòkò ni gbígbẹ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà tó rọrùn jù lọ tí àwọn ènìyàn ń gbà ṣe gọ́mì nílé ni kí wọ́n gbé omi èso kaná díẹ̀, kí wọ́n po jẹ́látìnì àti oyin mọ́ ọn, kí wọ́n sì dà á sínú móòdù. Ká sọ pé omi èso náà jẹ́ 250 mílílítà, jẹ́látìnì jẹ́ 30 gíráàmù, oyin sì jẹ́ 40 gíráàmù. Gbogbo rẹ̀ yóò wọ̀n tó 320 gíráàmù, omi nìkan yóò sì kó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀. Kí èyí tó lè dà bí gọ́mì tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, tí omi inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín ìdá 18 sí 20 nínú 100, nǹkan bí 200 gíráàmù omi ni yóò ní láti jáde lára rẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo súìtì náà. Kò sí bí a ṣe lè sá a tí kò ní sún kì, tí kò ní hunjọ, tí kò sì ní le bí awọ, bí kòkòrò àìfojúrí kò bá tiẹ̀ tíì ráyè wọ inú rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Irú èyí dùn, kò sì sí ohun tó burú nínú ṣíṣe é, àmọ́ inú fìríìjì ni ààyè rẹ̀, nínú abọ́ tó ní ìdérí, kí a sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe é fún àwọn ọmọdé pé kí ó má ṣe gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì fún ọjọ́ méjì mẹ́ta nítorí pé ó fẹ́ kí ó gbẹ.

Gọ́mì tó ṣeé sá ni èyí tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, tí a sì ti fi iná lé èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ kí jẹ́látìnì tó débẹ̀. Ẹ rẹ 30 gíráàmù jẹ́látìnì sínú 60 gíráàmù omi tútù, kí ó fi mu omi náà tán. Nínú ìkòkò, ẹ po 200 gíráàmù ṣúgà pọ̀ mọ́ 200 gíráàmù ṣírọ́ọ̀pù gúlúkóòsì àti 80 gíráàmù omi, kí ẹ sì sè é títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi dé 115°C. Tẹmómítà ìdáná ṣe pàtàkì níbí yìí gan-an, nítorí pé ìgbóná yẹn gan-an ló ń sọ iye omi tó kù nínú ìkòkò fún wa: bí omi bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná tí ṣúgà fi ń hó yóò máa lọ sókè. Ẹni tó bá sọ ọ́ kalẹ̀ ní 106°C nítorí pé ó ti rí i tí ó ń hó ṣìnkìn ti fi omi púpọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò sì wá máa bá a jìyà rẹ̀. Ṣírọ́ọ̀pù gúlúkóòsì kì í jẹ́ kí ṣúgà padà di hóró nígbà tí súìtì bá ń gbẹ, nítorí náà kí ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò láti fi ṣúgà lásán dípò rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ ní sùúrù kí ó rọlẹ̀ sí nǹkan bí 80°C kí ẹ tó po jẹ́látìnì tí a rẹ mọ́ ọn, nítorí pé híhó ń ba agbára ìdì jẹ́látìnì jẹ́. Ásíìdì sítíríìkì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ó kẹ́yìn, nítorí pé ásíìdì àti ooru jọ máa ń jẹ jẹ́látìnì run ni. Bí ó bá jẹ́ pé èso gidi ni ẹ fẹ́ lò, ẹ rántí pé ọ̀pẹ̀yìnbó, ìbẹ́pẹ àti kíwì tútù ní èròjà kan tó ń gé jẹ́látìnì sí wẹ́wẹ́, tí kò ní jẹ́ kí ó dì rárá. Ẹ ní láti kọ́kọ́ sè wọ́n kí wọ́n hó dáadáa.

Bí a bá tẹ̀ lé ìwọ̀n wọ̀nyí, ohun tí a ó dà sínú móòdù yóò wọ̀n tó 500 gíráàmù, omi inú rẹ̀ yóò sì wà ní nǹkan bí ìdá 23 nínú 100. Ẹ wò ó bí iṣẹ́ tó kù fún afẹ́fẹ́ ṣe kéré tó: gíráàmù mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni ó ní láti mú jáde lára 100 gíráàmù súìtì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣeé ṣe láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta láìsí ewu, nítorí pé ṣúgà tó wà níbẹ̀ ti di omi yòókù mú tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò fi lè rí i lò. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń wọn omi tí kòkòrò lè rí lò yìí láti 0 sí 1. Àwọn bakitéríà tó ń fa àìsàn kì í lè dàgbà bí ó bá ti wà ní ìsàlẹ̀ 0.85, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń mú kí oúnjẹ bu sì máa ń dúró bí ó bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ 0.70. Ibẹ̀ ni gbígbẹ tó péye ń mú súìtì wa lọ.

Ibi tí a ó sá a sí

Ẹ fi súìtì sílẹ̀ nínú móòdù fún wákàtí 12 ó kéré tán kí ẹ tó yọ ọ́. Móòdù sílíkóònù kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ìdí súìtì, nítorí náà kò sí àǹfààní nínú kí a fi í sínú rẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ ní èrò pé ó ń gbẹ. Bí ẹ bá ń yọ ọ́, ẹ fi sítáàṣì àgbàdo fẹ́ẹ́rẹ́ nu ọwọ́ yín kí ó má baà lẹ̀. Ẹ má ṣe da òróró sí móòdù púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé òróró tó bo súìtì ń dí ọ̀nà omi tó fẹ́ jáde.

Ohun tó dára jù láti tẹ́ wọn sí ni irin oníhò tí a máa ń gbé kéèkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò lé, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Bí ihò rẹ̀ bá fẹ̀ jù tí súìtì fi ń rì sínú rẹ̀, ẹ tẹ́ àwọ̀n mímọ́ tàbí bébà tí a fi ń yan nǹkan lé e, ṣùgbọ́n bí bébà bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ máa yí súìtì padà déédéé. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó tó ìbú ìka ọwọ́ kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Súìtì méjì tó bá fara kan ara wọn kì í gbẹ níbi tí wọ́n ti pàdé. Nígbà tí ẹ bá sì yà wọ́n, ojú ibẹ̀ yóò máa dán, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ nígbà tí gbogbo ara rẹ̀ yòókù ti gbẹ.

Yàrá tó wà láàárín 20°C sí 25°C ló yẹ ẹ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló wá ṣe kókó jù lọ: láàárín ìdá 40 sí 50 nínú 100 ni ó dára jù, bí ó bá sì ti kọjá ìdá 60, gbígbẹ náà á falẹ̀ gan-an, bí ó bá tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, súìtì náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi láti inú afẹ́fẹ́ padà sára, nítorí pé ṣúgà àti gúlúkóòsì fẹ́ràn omi púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè tẹ̀ lé ìlànà kan náà nígbà ẹ̀rùn kí ó gbẹ ní ọjọ́ kan, kí ó sì tún ṣe é nígbà òjò kí ó má gbẹ lọ́jọ́ mẹ́rin. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń fi ọ̀rinrin inú yàrá hàn kò wọ́n, mo sì kà á sí ara irin iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí tẹmómítà. Nígbà òjò, yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ dára ju ibi tí fèrèsé ṣí sílẹ̀ lọ. Ilé ìdáná ni kí ẹ má tilẹ̀ rò ó sí, nítorí ìkòkò tó ń hó àti abọ́ tí a ń fọ̀ máa ń mú kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rin.

Fáànù wúlò, ṣùgbọ́n kí ó rọra máa fẹ́ láti ọ̀ọ́kán, kí ó máa rú afẹ́fẹ́ yàrá náà, kí ó má ṣe kọjú sí súìtì tààrà. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, òde súìtì á gbẹ kíákíá, á sì di awọ líle tí omi inú kò lè là kọjá mọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò rò pé ó ti gbẹ, yóò kó o sínú ike, omi tó há sínú yóò sì wá rọra máa bọ́ síta ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Irú ìbàjẹ́ yìí burú ju kí súìtì máà gbẹ rárá lọ, nítorí pé ó ń tan ènìyàn jẹ. Kí ẹ tó tan fáànù, ẹ nu abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kí eruku má baà fò lé oúnjẹ, kí ẹ sì fi àwọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́ bo súìtì nítorí eṣinṣin àti èèrà, kí àwọ̀n náà má ṣe fara kàn án.

Ẹ máa yí wọn padà ní gbogbo wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá.

Oòrùn kò dára fún un, ààrò kò sì dára. Jẹ́látìnì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 30°C sí 35°C, ìgbóná tó sì kéré jù lọ lórí ọ̀pọ̀ ààrò ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ èso náà kò yọ sílẹ̀ àfi bí ó bá ní ibi tí a ti lè pa iná rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ nìkan máa fẹ́. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ fún àwọn tó ń lo pẹ́kítìnì (tí a ń rí lára èso) tàbí ágà (tí a ń rí lára koríko òkun) dípò jẹ́látìnì, nítorí pé àwọn wọ̀nyí kì í tètè yọ́. Ágà kì í yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bí 85°C. Súìtì tí a fi àwọn méjèèjì ṣe lè fara da afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó bíi 40°C. Ágà sì ní ìṣòro tirẹ̀: ó máa ń sun omi fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dì, nítorí náà ẹ máa fi aṣọ ìnujú bébà tẹ omi náà kúrò lójú rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ tó fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́.

Àwọn kan ń sá a sínú fìríìjì láìbò ó. Afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ gbẹ lóòótọ́, ó sì lè ran ẹni tí yàrá rẹ̀ gbóná jù lọ́wọ́, àmọ́ súìtì yóò fa òórùn ọbẹ̀ àti àlùbọ́sà tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀ ṣe é, ẹ kó o sínú ike kí ẹ sì dé e pa nínú fìríìjì níbẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, kí ẹ sì dúró kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá gbé e jáde láìbò, omi afẹ́fẹ́ yóò sẹ̀ lé e lójú, gbogbo làálàá náà á sì di òfo.

Ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣì ń lò ṣeé ṣe nílé pẹ̀lú, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó bá ní àyè. Wọn a da sítáàṣì àgbàdo sínú páànù, wọn a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọn a tẹ ojú ihò sínú rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ní ìrísí tí wọ́n fẹ́, wọn a sì da súìtì sínú àwọn ihò náà. Sítáàṣì náà yóò máa mu omi lára súìtì láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń dì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí sítáàṣì náà gbẹ gan-an: ẹ tẹ́ ẹ sínú ààrò tí iná rẹ̀ kò le, kí ẹ máa rò ó títí ọ̀rinrin yóò fi kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó lò ó. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ fi asẹ́ yọ súìtì, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára rẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbẹ

Òṣùwọ̀n kì í purọ́. Ẹ wọn súìtì nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú móòdù, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Bí ó bá jẹ́ 500 gíráàmù tí ẹ sì tẹ̀ lé ìwọ̀n tí mo kọ sókè, ó ti gbẹ tó nígbà tó bá dé àárín 470 sí 480 gíráàmù. Bí ó bá lọ sí ìsàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, yóò máa le, yóò sì di iṣẹ́ fún eyín.

Lẹ́yìn òṣùwọ̀n, ẹ mú ọ̀kan kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú gé e sí méjì, kí ẹ sì wo ojú ibi tí ẹ gé náà níwájú ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ dénú, àwọ̀ rẹ̀ yóò rí bákan náà láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín, yóò padà sí ipò rẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀bẹ náà yóò sì jáde ní mímọ́. Bí ẹ bá rí òrùka tó ṣókùnkùn díẹ̀ yí etí rẹ̀ ká, tí àárín rẹ̀ sì mọ́ gaara tó ń dán bí ẹni pé ó tutù, tó sì lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, òde rẹ̀ ti yára gbẹ ju inú lọ. Ẹ má ṣe fi sí abẹ́ fáànù sí i. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ike tó dé pa fún wákàtí 12 kí omi inú rẹ̀ lè pín kiri, kí awọ náà sì rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún un sá láìsí fáànù.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn tí mo máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má fò ni ti ìgò. Ẹ kó ìwọ̀nba díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ lára tó sì gbẹ, ẹ dé e pa, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá wà lára ìgò náà, tàbí bí súìtì kò bá tú ká nígbà tí ẹ bá mì í, kò tíì gbẹ.

Ṣúgà, òróró àti ibi ìpamọ́

Ẹ má ṣe fi ṣúgà yí gọ́mì tí kò tíì gbẹ. Ṣúgà tó wà lójú rẹ̀ yóò fa omi inú rẹ̀ síta, omi náà yóò sì yọ́ ṣúgà, èyí tó yọ́ náà yóò tún máa fa omi sí i, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bí ó bá ti gbẹ tán ni kí ẹ yí i, kí ẹ gbọn èyí tí kò lẹ̀ dànù, kí ẹ sì tún tẹ́ ẹ sórí irin fún wákàtí 12 sí 24. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ó kan, ásíìdì sítíríìkì máa ń fa omi ju ṣúgà lọ, nítorí náà ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ po mọ́ ṣúgà, kí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fún ènìyàn tàbí tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ ló ń súnmọ́ kí ẹ tó fi yí i. Èyí tí a kò fẹ́ fi ṣúgà yí lè gba òróró tí kò lóòórùn, ìdajì ṣíbí tíì fún 500 gíráàmù, kí ẹ rọra yí i po nínú abọ́ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa dán fẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn gbígbẹ nìkan ni òróró yìí wúlò.

Àwọn tó fẹ́ kí ó pẹ́ nílẹ̀ lè fi potassium sorbate sí i, gíráàmù kan fún kìlógíráàmù kan súìtì, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ́ ọ sínú omi díẹ̀ kí ó tó wọ ìkòkò. Inú oúnjẹ tó kan ló ti ń ṣiṣẹ́ jù lọ láti dènà bíbu, kò sì dípò gbígbẹ.

Inú ike tàbí ìgò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni kí ẹ kó o sí, níbi tó tutù tí oòrùn kò dé, kí bébà wà láàárín ìpele kan sí èkejì. Àpò kékeré sílíkà tí wọ́n ṣe fún oúnjẹ, èyí tó ń fa ọ̀rinrin mu, ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá wà nínú ilé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí kí ó má baà wà láàárín súìtì, nítorí pé ọmọdé kò ní mọ ìyàtọ̀. Gọ́mì tó gbẹ dáadáa lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó bá yọ funfun tàbí àwọ̀ ewé níbikíbi, ẹ da gbogbo èyí tó wà nínú ike náà nù, kì í ṣe ọ̀kan tí ẹ rí nìkan. Ní ti èyí tó gbẹ jù tó wá le, kò tíì bàjẹ́: ẹ kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí irin, tí wọ́n ṣì rọ̀ díẹ̀, kí ẹ dé ike náà pa fún ọjọ́ kan, yóò sì gba omi díẹ̀ lọ́wọ́ wọn.